Leeds, Manchester àbí Liverpool: níbo ló yẹ kí ẹ ti wọ bàálù olówó pọ́ọ́kú lásìkò kùrukùru?

Ẹni tó bá ń gbé àríwá England, tó sì fẹ́ fò lọ sí Spain, Portugal tàbí Ireland láìnáwó púpọ̀, pápákọ̀ òfuurufú mẹ́ta ló wà nítòsí rẹ̀: Leeds Bradford, Manchester àti Liverpool John Lennon. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án, ẹ wo iye owó, ẹ wo èyí tó sún mọ́ ilé, ó ti parí. Àmọ́ láti ìparí oṣù kẹwàá wọ oṣù kejì, kùrukùru a máa dá sí ọ̀rọ̀ náà, iye tó wà lójú tíkẹ́ẹ̀tì sì lè máà jẹ́ iye tí ẹ máa ná tán. Àsìkò yẹn ni mò ń bá wí, torí pé ìgbà yẹn gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń pọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń sáré rà á.

Leeds Bradford: orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí

Yeadon ni pápákọ̀ yìí wà, ó fi 208 mítà ga ju ojú òkun lọ, kò sì sí ìkan tó ga tó o nínú àwọn pápákọ̀ èrò ní England. Gíga yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ ìkùukùu lásán lójú ará ìgboro Leeds, kùrukùru ni fún ẹni tó wà ní Yeadon. Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì nítòsí ibùdó rélùwéè Leeds kí ojú ọjọ́ mọ́ kedere, kí ẹ kọjá Kirkstall láìrí nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bá ti ń gun òkè lẹ́yìn Horsforth, dírẹ́bà á tan iná, wáípà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá máa fi dé iwájú pápákọ̀, ìrù pupa bàálù Jet2 nìkan lẹ máa rí, ara rẹ̀ tó kù ti wọnú funfun lọ.

Ojú títì kan ṣoṣo ni bàálù fi ń gbéra tó sì fi ń bà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ 2,250 mítà, orí méjèèjì rẹ̀ kò sì rí bákan náà. Orí tí wọ́n ń pè ní 14, èyí tí bàálù máa ń bà sí bó bá kọjú sí gúúsù-ìlà-oòrùn, ní ẹ̀rọ ILS, èyí tó ń tọ́ bàálù sọ́nà nígbà tó bá ń bà, tó dé ìpele kẹta. Orí kejì, 32, ìpele kìíní ló mọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ìpele kìíní, páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ti rí iná ojú títì nígbà tó bá ku nǹkan bí 200 ẹsẹ̀ bàtà kó kanlẹ̀, ojú sì gbọ́dọ̀ lè ríran tó 550 mítà lórí títì náà. Ní ìpele kẹta, ẹ̀rọ inú bàálù fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kanlẹ̀, 200 mítà tàbí kó dín bẹ́ẹ̀ sì lè tó o. Ẹ má gbàgbé pé bàálù máa ń kọjú sí atẹ́gùn kó tó bà. Bí atẹ́gùn bá wá ń fẹ́ láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn, orí 32 ló yẹ kí wọ́n lò, èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lágbára.

Ìdí nìyẹn tí bàálù fi lè máa yí po lókè Yorkshire, kí epo rẹ̀ máa dín kù, kí wọ́n sì wá darí rẹ̀ sí ibòmíràn. Tẹ́lẹ̀, Doncaster wà nítòsí tó lè gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ní báyìí, Manchester, Liverpool, Newcastle tàbí East Midlands ni, bọ́ọ̀sì ni wọ́n á sì fi kó èrò padà wá. Ẹni tó gbé mọ́tò rẹ̀ sí Yeadon kó tó rìnrìn àjò á mọ ohun tí mò ń sọ.

Síbẹ̀, n kò ní ní kí ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Leeds. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni ibi tí bàálù yẹn sùn mọ́jú. Ìríran tí bàálù nílò láti gbéra kéré sí èyí tó nílò láti bà: níbi tí iná ojú títì bá pé, 150 mítà lè tó o láti gbéra. Jet2 àti Ryanair ní bàálù tó ń sùn sí Leeds, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ìrìn àkọ́kọ́ láàárọ̀ máa lọ nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ láti ìta kò tíì rí ọ̀nà wọlé. Bàálù ọ̀sán yàtọ̀ pátápátá, torí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti Málaga tàbí Alicante dé kó tó lè gbé yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, ẹ tẹ nọ́ńbà ìrìn àjò náà sórí Flightradar24, ìkànnì tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn, kí ẹ wo ibi tí bàálù tó ṣe é lánàá àti níjẹta ti ń bọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Manchester: ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ

Ojú títì méjì ló wà níbí, ìkọ̀ọ̀kan ju 3,000 mítà lọ, pápákọ̀ náà kò sì ga ju 78 mítà lọ. Ìpele kẹta wà fún wọn. Bí kùrukùru bá bo ilẹ̀, wọn kì í ti ilẹ̀kùn. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi àyè sáàárín bàálù kan àti èkejì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí iye tó ń bà láàárín wákàtí kan dín kù. Ìdádúró lẹ máa rí, ìfagilé kò pọ̀. Ìdádúró àárọ̀ a sì máa yí kiri títí di alẹ́, torí náà ẹ má ra èyí tó kẹ́yìn lóru bí ẹ bá níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa Manchester ni pé Ryanair, easyJet àti Jet2 ń lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú kan náà láti ibẹ̀. Bí ti òní bá já, ọ̀nà mìíràn ṣì wà. Ọkọ̀ ojú irin tún ń lọ tààrà láti Leeds wọ inú pápákọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kó owó rélùwéè àlọ àti àbọ̀ mọ́ ìṣirò. Fún tọkọtaya tó ní ọmọ méjì, ohun tí ẹ rò pé ẹ jèrè lórí tíkẹ́ẹ̀tì lè tán síbẹ̀.

Liverpool

Speke, lẹ́bàá odò Mersey. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, 24 mítà péré ló fi ga ju òkun lọ, ìkùukùu òkè kò sì lè yọ ọ́ lẹ́nu bíi ti Yeadon. Kùrukùru tirẹ̀ ni èyí tó ń ti ara odò dìde lóru tó tutù tí atẹ́gùn kò fẹ́. Oòrùn a sábà máa jó o kúrò kó tó di ọ̀sán, àfi ní oṣù kejìlá tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò lágbára. easyJet àti Ryanair ló gbajúmọ̀ níbẹ̀, Jet2 sì dara pọ̀ ní ọdún 2024. Rélùwéè kò wọ inú pápákọ̀, Liverpool South Parkway lẹ máa bọ́ sí kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Fún ará Liverpool àti agbègbè rẹ̀, kí ló kù tí ẹ ń wá? Fún ará Leeds, ó jìnnà jù, àyàfi bí ìyàtọ̀ owó bá pọ̀ gan-an.

Bí kùrukùru bá mú yín, kí ni owó yín gbà?

Òfin UK ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé: £220 fún ìrìn àjò tí kò ju 1,500 kìlómítà lọ, £350 bí kò bá ju 3,500 lọ. Àmọ́ kùrukùru kì í ṣe ẹ̀bi wọn, torí náà ẹ má retí owó yẹn. Ohun tí kùrukùru kò lè gbà lọ́wọ́ yín ni ìtọ́jú. Bí ìrìn àjò kúkúrú bá ti pẹ́ ní wákàtí méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní oúnjẹ àti ohun mímu. Bó bá di ọjọ́ kejì, òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá fagi lé e, ẹ lè gba gbogbo owó yín padà tàbí kí ẹ ní kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn fún yín.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lórí fóònù, bọ́tìnnì ìdápadà owó ló máa ń kọ́kọ́ yọjú. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ojúṣe wọn láti gbé yín délé ti parí nìyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́jọ́ náà sì lè gbówó lórí ju tàkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀nà mìíràn kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Ẹ tún ka ẹrù mọ́ iye owó kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Báàgì 10 kìlógíráàmù tó ń lọ sókè orí wà nínú owó Jet2. Ti Ryanair, báàgì kékeré tó ń wọ abẹ́ àga nìkan lẹ ní, èyí tó bá ju ìyẹn lọ ẹ máa sanwó sí i. Mo ti rí i tí tíkẹ́ẹ̀tì tó dà bíi pé ó pọ́ di èyí tó wọ́n jù nígbà tí wọ́n fi báàgì méjì kún un.

Ẹni tó ń lọ sí Èkó

KLM ń gbéra láti Leeds lọ sí Amsterdam, ó sì ń gbéra láti Amsterdam lọ sí Èkó. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, bí kùrukùru Yeadon bá jẹ́ kí ẹ pàdánù bàálù kejì, àwọn ni wọ́n máa wá òmíràn fún yín, ẹrù yín á sì tẹ̀ lé yín. Láti Manchester, Turkish, Qatar àti Ethiopian náà ń ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń ra bàálù olówó pọ́ọ́kú lọ sí ìlú kan ní Yúróòpù, kí wọ́n wá ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó lọ́tọ̀ láti ibẹ̀. Ní oṣù kejìlá, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Bí àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì kò mọ̀ yín rí. Àpótí yín ò sì ní kọjá fúnra rẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ jáde lọ gbà á kí ẹ tó tún fi sílẹ̀, ẹni tó bá sì ń lo páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen kó tó lè jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dandan, ẹ lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ sì ka owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ ọjọ́ yẹn mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì.