Fíltà ND mẹ́ta fún ìwọ̀ oòrùn etí òkun, àti èyí tí ǹ bá má ti rà ṣáájú

Bí ẹ bá fẹ́ ra fíltà ND ẹyọ kan ṣoṣo, gíláàsì dúdú tí wọ́n ń fi bo lẹ́ńsì kámẹ́rà, láti fi ya àwòrán ìwọ̀ oòrùn etí òkun, ẹ ra ND64. Mo mọ̀ pé ND1000 ni gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Òun lèmi náà kọ́kọ́ rà, ojú mi sì rí nǹkan.

Mẹ́ta ló wà nínú àpò mi báyìí: ND8, ND64 àti ND1000, gbogbo wọn rìbìtì, èyí tí wọ́n ń lọ́ mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, fífẹ̀ wọn jẹ́ 77 mm. Ẹ̀kẹrin wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń yí kó lè ṣú sí i tàbí kó mọ́lẹ̀ sí i. Mo ti gbé ìyẹn fún ẹlòmíì. Fíltà méjì tí wọ́n gbé léra ni, àwọn tó ń yan ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá lára wọn. Tí mo bá ti yí i dé ibi tó ṣú jù, tí lẹ́ńsì sì jẹ́ irú èyí tó ń rí ibi fífẹ̀, àmì àgbélébùú dúdú kan á yọ gànnà lójú ọ̀run. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè fi ìyẹn ṣe.

Gíláàsì dúdú lásán ni ND. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kù, kí shutter, ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, lè ṣí pẹ́ láìjẹ́ pé àwòrán á funfun bàlàù. ND8 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 8 wọlé, stop 3 nìyẹn (stop kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì). ND64 jẹ́ stop 6, ND1000 jẹ́ stop 10. Ẹ jẹ́ ká ní kámẹ́rà sọ pé 1/60 ìṣẹ́jú àáyá ló tọ́ láìsí fíltà: ND8 á sọ ọ́ di bíi 1/8, ND64 á sọ ọ́ di ìṣẹ́jú àáyá 1, ND1000 á gbé e lọ sí nǹkan bíi 17.

Lórí òkun, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 1/8, omi kàn dà bí ohun tí ọwọ́ ẹni gbọ̀n nígbà tí à ń yà á. Ní ìṣẹ́jú àáyá 17, ìgbì ò sí mọ́, òkun ti di kùrukùru, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, bí mo bá fẹ́ ya omi tí kò ní ìgbì, mo lè kúkú lọ ya adágún.

Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí 1 ni mo ń wá. Mo máa ń jẹ́ kí ìgbì ya wọlé, kó gun iyanrìn dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bó bá ti ń padà sẹ́yìn ni mo ń tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà. Ìfóòfó funfun á máa wọ́ tẹ̀lé omi, á pín sí méjì lára òkúta, á tún pàdé lódì kejì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà yà. Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ, àwọn ìlà yẹn á ti wọnú ara wọn. Mo lè tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún kí ọ̀kan tó jáde dáadáa, ND64 sì ń gbà mí láyè, torí pé tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìgbì mìíràn ti ń bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti ND1000. Ọjọ́ kìíní tí mo gbé e jáde, oòrùn ti fẹ́ kan omi. Láìsí fíltà, 1/30 ni kámẹ́rà pè é, ní f/11 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó). Mo ṣírò rẹ̀, ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 34. Kámẹ́rà mi kì í kọjá 30 fúnra rẹ̀, ni mo bá lọ sí Bulb, níbi tí shutter ti ń ṣí títí èmi fúnra mi á fi tì í, mo ń wo aago. Àwòrán jáde, ó ṣú. Kí n tó wọn ìmọ́lẹ̀, kí n tó lọ́ fíltà mọ́ ọn, kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán, oòrùn ò dúró dè mí. Mo gbé e lọ sí ìṣẹ́jú 2. Mo sì ti tan ètò kan tó ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára àwòrán tó bá pẹ́. Iye àkókò tí a fi ya àwòrán náà ni kámẹ́rà á tún fi ya òkùnkùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 lórí 2. Ojú ọ̀run tó pọ́n bí osùn ṣú mọ́ mi lójú, kámẹ́rà ṣì ń rò ó. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Fíltà yìí ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí kámẹ́rà mi kì í rí fókọ́sì mú lára ohunkóhun tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ gbọ́dọ̀ mú fókọ́sì kí ẹ tó dé e, kí ẹ yí i sí ti àfọwọ́ṣe, kí ẹ wá rọra lọ́ fíltà mọ́ ọn láìfọwọ́ kan òrùka fókọ́sì. Mo ti fọwọ́ kàn án, ó lé ní ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀: wọ́n ní kì í yí àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n tèmi ń da búlúù bo gbogbo nǹkan. Lọ́sàn-án, ẹ ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), ẹ tún un ṣe, ó parí. Ní ìwọ̀ oòrùn, àwọ̀ gan-an ni mo wá yà. Bí mo bá ń fa búlúù yẹn kúrò, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá pupa tó kù jẹ́ ti oòrùn tàbí ti ọwọ́ mi. ND64 mi náà ń fa àwọ̀ sí pupa díẹ̀, ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́.

Ẹ̀sùn kan wà tí mo fi kan ND1000 tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò kan ń là gba àárín àwòrán mi kọjá, mo rò pé gíláàsì ti sán. Ihò tí à ń fojú wò lẹ́yìn kámẹ́rà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Mo fi fìlà bò ó, ó lọ. Àwọn tó ń lo kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú (mirrorless) kò ní wàhálà yìí. Tí oòrùn bá sì ṣì ga, bíi wákàtí kan tàbí méjì kó tó wọ̀, tí ìkùukùu ń sáré lójú ọ̀run, ND1000 mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń lò ó báyìí.

ND8 ò ní ìtàn púpọ̀. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ tán, tí 1/8 ti tó fún kámẹ́rà, òun ló ń gbé mi dé ìṣẹ́jú àáyá 1.

Ẹ má ra ND kankan tórí pé ojú ọ̀run ń funfun jù tí àpáta sì ń ṣú jù o. Bákan náà ló ń ṣú gbogbo rẹ̀. Èyí tí òkè rẹ̀ ṣú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni iṣẹ́ yẹn wà fún, àmọ́ tí àpáta bá ga kọjá ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé, ó máa ṣú orí àpáta náà pọ̀. Àwòrán méjì ni mo máa ń yà, ọ̀kan fún ọ̀run, ọ̀kan fún ilẹ̀, kí n tó dà wọ́n pọ̀.

Ẹ ti ẹsẹ̀ tripod, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé, wọ inú iyanrìn dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìgbì tó bá dé ibẹ̀ á wa iyanrìn lábẹ́ rẹ̀, ó lè rì láàárín àwòrán.

Iyọ̀ ló ń ba fíltà jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Afẹ́fẹ́ òkun ń fọ́n omi sí i lára, bí a bá sì kọjú sí oòrùn, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan á di àbàwọ́n rìbìtì nínú àwòrán. Mo kánjú fi aṣọ gbígbẹ nu ND64 lọ́jọ́ kan, láìmọ̀ pé iyanrìn wà nínú iyọ̀ tó ti gbẹ. Mo gbọ́ ọ, ṣẹ̀ẹ́. Látìgbà náà, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo ń fi aṣọ tí mo rẹ sínú omi tí kò níyọ̀ nù ún, kí n tó lo gbígbẹ. Ìlà kékeré náà ṣì wà létí rẹ̀. Kì í hàn nínú àwòrán, àfi tí mo bá kọjú lẹ́ńsì sí oòrùn gangan ní f/16.