Ẹ̀wù tó ṣeé bọ́ àti èyí tó lẹ̀ mọ́ni lára

Ọ̀nà méjì ni ẹnì kan fi lè dà bí ẹni méjì. Èkíní dà bí ẹ̀wù tó ṣeé bọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Pakátá níbí, ní Ìlọrin, tó ń kọ dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin. Nílé, onítìjú ni, ohùn rẹ̀ kì í sókè. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti dún, á gẹ fìlà, ohùn á yí padà, á máa ki olówó ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Bí òde bá tú, á padà di onítìjú. Beyoncé, olórin Amẹ́ríkà, náà ṣe bẹ́ẹ̀: Sasha Fierce ló ń pe ara rẹ̀ lórí ìtàgé, àfi ìgbà tó di 2010 tó ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́.

Èkejì kì í ṣe ẹ̀wù tó ṣeé bọ́: àìsàn ọkàn tí òyìnbó ń pè ní dissociative identity disorder ni. Ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ léraléra láti kékeré, tí kò ríbi sá sí, ọkàn rẹ̀ lè pín kó lè yè é. Apá kan gba ìyà náà mọ́ra, apá kejì ń lọ sílé-ìwé bíi pé nǹkan kan ò ṣe. Bó bá dàgbà, ó lè bá aṣọ nínú àpótí rẹ̀ tí kò rántí pé òun rà. Odidi ọjọ́ kan lè sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Herschel Walker, eléré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Heisman lọ́dún 1982, sọ ọ́ síta lọ́dún 2008 pé àìsàn yìí ń ṣe òun.

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe tíátà. Olórin Pakátá yan tirẹ̀. Ẹni yìí kò yan nǹkan kan. Kò sí oògùn kan tó ń wò ó. Jíjókòó bá onímọ̀ ọkàn sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ń ràn án lọ́wọ́.