Kọ́tìnnì, bíláìndì, tíntì àbí ọparun ìta: èwo ló ń lé ooru?

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn ará Band A (àwọn tí wọ́n ní kó máa rí iná ogún wákàtí lójúmọ́) láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan (wọ́n padà yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀), ohun tí a fi ń bo wíndò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ nìkan mọ́. AC hóósì kan àbọ̀ tí kò bá sinmi ń jẹ tó yúnìtì kan láàárín wákàtí kan. Oòrùn ọ̀sán tó ń gba ojú gíláàsì wọlé ni kì í sì í jẹ́ kó sinmi.

Kí ẹ tó gbé owó lọ sí Gbági tàbí Balógun, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wíndò yín dojú kọ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, orí òrùlé ni oòrùn ọ̀sán gangan ń bá jà. Wíndò ìlà oòrùn ń gba tirẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí ògiri ṣì tutù. Ti ìwọ̀ oòrùn ni wàhálà: láti bíi aago mẹ́ta títí di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á rẹlẹ̀, á gba abẹ́ ìgbátí òrùlé wọlé tààrà, ilé á sì ti gbóná tẹ́lẹ̀. Wíndò tó kọjú sí gúúsù ń rí díẹ̀ he nígbà ọyẹ́.

Tíntì ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì pálọ̀ mi ní bó bá ṣe dúdú tó náà ni ilé á ṣe tutù tó. Ilé ṣókùnkùn lóòótọ́, débi pé a ń tan iná lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n AC ò sinmi. Bí ẹ bá fọwọ́ kan gíláàsì náà ní aago mẹ́rin, ẹ ó tètè fà á padà. Ohun dúdú ń gbé oòrùn mì ni. Gíláàsì á gbóná, á sì máa fẹ́ ooru náà sínú yàrá. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú bọ́kúbọ̀kù, tó di àwọ̀ elésè àlùkò. Mo pe ọ̀gbẹ́ni yìí, ó ní oòrùn ló fà á. Oòrùn tí mo torí ẹ̀ pè é! Abẹ àti omi ọṣẹ la fi ha á kúrò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà ní igun gíláàsì dòní. Tíntì tó ń dá ooru padà wà o, kódà èyí tí kò dúdú rárá, ṣùgbọ́n owó ńlá ni. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu: ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ègé kan, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ooru bá ṣì ń ta yín, ẹ máa lọ. Èyí tó dà bíi dígí náà, ọ̀sán ló ń bò yín. Bí ẹ bá tan iná lálẹ́, ará ìta ń wò yín.

Kọ́tìnnì blackout, èyí tó nípọn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí gíláàsì bá funfun. Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn ti wọlé kó tó bá a pàdé, bíi ti ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sójú oòrùn: ẹ fi aṣọ bo àga, inú ọkọ̀ ṣì ń hó. Ooru tó há sẹ́yìn aṣọ á gba òkè jáde sínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà fi pákó bo òkè ọ̀pá náà, kí aṣọ sì kọjá etí wíndò dáadáa lápá méjèèjì. Ẹ má jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á bó. Bí NEPA bá sì mú iná lọ, dandan ni kí ẹ ṣí i, atẹ́gùn àti oòrùn á jọ wọlé.

Bíláìndì? Eruku ọyẹ́, okùn tó ń já. Ọ́fíìsì ló yẹ.

Ọparun tí wọ́n fi okùn hun pọ̀ bí ẹní, tí wọ́n so kọ́ ìta, ló ń dá oòrùn dúró kó tó kan gíláàsì rárá. Ẹ fi àyè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá. Wíndò á wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn á máa gba àárín igi wọlé, ìbáà jẹ́ pé kò síná. Àmọ́ wíndò tó ń ṣí síta á máa gbá a, àfi kí ẹ so ó jìnnà. Ìjì oṣù kẹta máa ń fẹ́ fà á ya, nítorí náà ẹ so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin wíndò. Okùn rẹ̀ á gbó ṣáájú ọparun. Ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ lè lo nẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn fi ń ṣíji. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Kálukú ló ní ibi tó bá mu. Ayálégbé tí onílé ò ní jẹ́ kó kan ìṣó mọ́ ìta, kó ra kọ́tìnnì ẹlẹ́yìn funfun, ó lè gbé e kó lọ. Olówó tó ti dán tíntì gidi wò, kó lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá lè kan ìṣó, kó fi ọparun sí wíndò ìwọ̀ oòrùn ná, kó wo mítà rẹ̀ fún oṣù kan, kó tó náwó sí òmíràn. Wíndò tó kọjú sí àríwá, kọ́tìnnì léésì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó.