Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù átọ́ọ̀mù fún lesson kẹ́místrì: ẹ rà á, àmọ́ ẹ yẹ inú páálí ẹ̀ wò dáadáa

Ẹ̀yin tíṣà kẹ́místrì àti ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín wà ní SS1 sí SS3, ẹ wá gbọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so mọ́ra, mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni mo sì ń lò fáwọn ọmọ lesson mi báyìí, mo ní kí n sọ bó ṣe rí torí owó ò sí níta.

Dúdú ni kábọ́ọ̀nù, funfun ni háídírójìn, pupa ni ọ́síjìn, búlúù ni náítírójìn, àwọ̀ ewé ni kúlórìn. Àwọ̀ yìí ti pẹ́ láyé o. Lọ́dún 1865 ni ará Jámánì kan, August Wilhelm Hofmann, kó bọ́ọ̀lù croquet (bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n fi ń ṣeré lórí koríko) síwájú èrò ní Royal Institution, ilé sáyẹ́ǹsì kan ní London, ó fi irin so wọ́n pọ̀, àwọ̀ tó lò lọ́jọ́ náà la ṣì ń lò dòní. Tiẹ̀ kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ìgbà tó di 1874 ni àwọn onímọ̀ kẹ́místrì méjì, van 't Hoff àti Le Bel, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kábọ́ọ̀nù ò tẹ́ sílẹ̀ báyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni ihò ara bọ́ọ̀lù. Iye ihò tó wà lára ẹ̀ ni iye ọwọ́ tí átọ́ọ̀mù yẹn fi lè di òmíràn mú: háídírójìn ọ̀kan, ọ́síjìn méjì, náítírójìn mẹ́ta, kábọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ẹ wá gbé ṣáàtì periodic table sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọ á rí i pé kábọ́ọ̀nù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin níta, ó ku mẹ́rin kó pé mẹ́jọ, náítírójìn ní márùn-ún, ó ku mẹ́ta, ọ́síjìn ní mẹ́fà, ó ku méjì, ló bá tán, kò sí pé à ń há valency (iye ọwọ́ yẹn) sórí bí ìwé àdúrà mọ́. Pupa kan, funfun méjì, ihò ti dí, omi nìyẹn, ọmọ á sì rí i pé kò nà gbọọrọ, ṣe ló tẹ̀, torí ihò méjèèjì ò kọjú síra wọn.

Èyí tó máa ń mú káwọn ọmọ pariwo ni isomer, ìyẹn nǹkan méjì tó ní átọ́ọ̀mù kan náà, àmọ́ tí wọ́n so mọ́ra lọ́nà ọ̀tọ̀. Mo máa ń fún wọn ní dúdú méjì, funfun mẹ́fà, pupa kan, mo ní kí wọ́n to ethanol, ìyẹn ọtí tó wà nínú ògógóró àti bíà. Tí wọ́n bá tò ó tán, pupa á wà létí, funfun kan á so mọ́ ọn. Mo wá ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbé pupa yẹn sáàárín dúdú méjèèjì, kí wọ́n má fi nǹkan kan kún un, kí wọ́n má yọ nǹkan kan. Ó ti di dimethyl ether nìyẹn, gáàsì ni, kì í ṣe ọtí rárá! Bọ́ọ̀lù kan náà, iye kan náà, bí wọ́n ṣe so mọ́ra ló yàtọ̀. Ẹ lè kọ C₂H₆O sójú bọ́ọ̀dù títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò lè wọ ọmọ lórí tó ìyẹn.

Àmọ́ ó níbi tó kù sí. Ẹ má fi kọ́ wọn ní iyọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀pá tó wà láàárín bọ́ọ̀lù ń sọ fún ọmọ pé átọ́ọ̀mù méjì jọ ń pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, bẹ́ẹ̀ sódíọ́ọ̀mù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀ tò ní 2,8,1 láti inú wá síta ń yọ̀ǹda ọ̀kan tó wà níta ẹ̀ pátápátá ni, kúlórìn tó jẹ́ 2,8,7 á gbà á, ọ̀kan á di pọ́sítíìfù, èkejì á di nẹ́gátíìfù, wọ́n á máa fa ara wọn. Kò sì sí pé sódíọ́ọ̀mù kan fẹ́ kúlórìn kan, kúlórìn mẹ́fà ló yí sódíọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ká nínú iyọ̀. Ọmọ tó bá fi ọ̀pá so wọ́n ní méjì-méjì máa gbé àṣìṣe yẹn wọ ìdánwò. Ṣọ́ọ̀kì ni mo máa ń mú tó bá kan ibẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni ọ̀pá rọ́bà tó ń tẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe double bond, ìyẹn ọ̀pá méjì láàárín átọ́ọ̀mù méjì. Mẹ́rin péré ló wà nínú tèmi. Carbon dioxide gba mẹ́rin, ìyẹn dáa, àmọ́ mẹ́fà ni benzene ń fẹ́, mi ò lè tò ó. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, kò fèsì. Àwọn ọ̀pá kékeré tó le náà máa ń há sínú ihò, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ fi eyín fà á, ẹ fún wọn ní aṣọ kí wọ́n fi dì í mú.

Mo ṣì ní kẹ́ ẹ rà á sha, kódà tí òbí mẹ́ta-mẹ́rin bá dáwó jọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí: dúdú 6, funfun 12, pupa 6, ọ̀pá 24, glúkóòsì nìyẹn, tí kò bá tó láti to glúkóòsì, ẹ wá òmíràn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ọ̀pá rọ́bà ò dín ní mẹ́fà.