Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tí Ó Bá Fẹ́ Ra Hóódà Morse Taper

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń fi ẹ̀rọ léètì àti mílíìnì (àwọn ẹ̀rọ tí ń gé irin) ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin kan tí ó ń ta irinṣẹ́ tuntun àti tòkunbọ̀ ní ọjà Owódé Onírin, ní Èkó. Hóódà Morse taper (irin onídagẹ̀rẹ̀ tí ń di ọ̀bẹ mú nínú ẹ̀rọ) tí ó tà fún wa ń dán gbinrin, wọ́n tẹ MT3, ìyẹn Morse taper oníwọ̀n 3, sí i lára, wọ́n sì fi ọ̀rá wé e nínú páálí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tì í bọ inú spindle (ọ̀pá oníhò tí ń yí nínú ẹ̀rọ), tí a sì fi ọwọ́ mì í, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì.

Ohun pàtàkì tí ó ń di Morse taper mú ni pé irin inú àti irin ìta fara kanra yíká, láti ẹnu tó fẹ̀ dé ìdí tó tín-ín-rín. Ìdagẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dígírì kan àtààbọ̀ lọ, ohun tí ó sì ń jẹ́ kí ó há nìyẹn. Bí ẹni tí ó rọ ọ́ bá ṣi ìdagẹ̀rẹ̀ náà díẹ̀ péré, ibì kan ṣoṣo ni yóò kàn.

Ẹ mú máakà dání lọ sọ́jà, àti sleeve (irin oníhò tí Morse taper ń wọ̀) kan tí ó dá yín lójú. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sí ara hóódà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ tì í bọ sleeve, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ sì fà á yọ. Bí ìlà náà bá pa rẹ́ jálẹ̀, ó dára. Bí ó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni ó ti pa rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nǹkan, náà wúlò: ẹnu MT3 tó nǹkan bíi mílímítà 23.8, ti MT2 jẹ́ 17.8.

Ẹ má gbàgbé tíréèdì (ojú ìdè) ìdí rẹ̀. M12, ìyẹn tíréèdì mílímítà 12, ni ó yẹ kí MT3 onímílímítà ní, ṣùgbọ́n ti ọ̀gbẹ́ni yìí wọ́, drawbar wa, ọ̀pá tí ń fa hóódà mọ́ inú spindle, kò sì lè wọlé tán. Ohun tí ó bí mi nínú jù ni pé ó ní kí a fi òòlù gbá hóódà wọlé, pé iṣẹ́ mílíìnì kò nílò drawbar. Irọ́ tó lè pa ènìyàn ni. Ọ̀bẹ mílíìnì a máa gbọ̀n, a sì máa fa hóódà sísàlẹ̀, ó sì lè já bọ́ nígbà tí ó ń yí lọ́wọ́.

Kò dá owó wa padà, ó ní ọjà tí a ti tú kúrò nínú ọ̀rá ti di tiwa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó tú u lójú yín kí ẹ tó sanwó.