Leatherman Wave+ tàbí Victorinox Super Tinker: èwo ni kí ará Èkó rà sápò?

Irinṣẹ́ àpò ni méjèèjì: púláyà tí ọ̀bẹ àti àwọn irin mìíràn ká mọ́ lára ni Wave+, ọ̀bẹ àpò tí àwọn irin kéékèèké ká mọ́ lára ni Super Tinker. Ẹ má tíì wo orúkọ tó wà lára wọn, ẹ má sì tíì ka iye irin tó wà nínú wọn. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣé ẹ máa ń nílò ohun tí yóò di nǹkan mú gírígírí? Mo ní dì í mú o, n kò ní gé e. Bí ẹ bá máa ń fa wáyà, tí ẹ máa ń yọ ìṣó lára pátákó ìsọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ yín kì í sinmi wàhálà, Wave+ ni tiyín, nítorí púláyà ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ páálí lẹ ń ṣí, okùn lẹ ń gé, súkúrù púlọ́ọ̀gì lẹ ń tú, Super Tinker ti tó yín. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó ń ti Ìyànà-Ìpájà lọ síbi iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Marina láràárọ̀ fi ní láti máa gbé Wave+ kiri.

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá ló fa ìyàtọ̀ wọn. Ní 1884 ni Karl Elsener dá ibi iṣẹ́ ọ̀bẹ tó wá di Victorinox sílẹ̀ ní Ibach, ní Swítsàlandì. Ní 1891, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wọn: ọ̀bẹ kan, irin ìlu-nǹkan, ohun ìṣí agolo, àti súkúrùdíráfà tí wọ́n fi ń tú ìbọn. Ní 1897, ó ṣe èyí tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ọ̀gá wọn, ìdílé ọ̀bẹ yẹn sì ni Super Tinker ti wá. Ohun tí sójà nílò nídìí oúnjẹ àti nídìí ìbọn ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ti Leatherman kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1975, Tim Leatherman, ọmọ Amẹ́ríkà, àti ìyàwó rẹ̀ ń fi ọkọ̀ Fiat àlòkù kan rìn kiri Yúróòpù. Ọkọ̀ ń kú sọ́nà, páìpù òtẹ́ẹ̀lì ń jò, ọ̀bẹ àpò nìkan ló sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó rò ó pé púláyà ni ọ̀bẹ yìí ṣaláìní. Ó di 1983 kí èyí àkọ́kọ́ tó dé ọjà. Ẹni tí ọkọ̀ tòkúnbọ̀ rẹ̀ ti kú mọ́ lórí afárá Third Mainland rí kò ní nílò àlàyé púpọ̀.

Ní ti ìwọ̀n, Wave+ tó gíráàmù 241, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 bí ẹ bá ká a. Super Tinker kò tó gíráàmù 100, gígùn tirẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9.1. Ẹni tó bá gbé méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù lè máa rò pé kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀. Ẹ fi Wave+ sápò ṣòkòtò ná, kí ẹ wá sáré lé dáńfó. Àpò á wọ́ sílẹ̀, irin á máa gbá yín nítan. Òótọ́ ni pé ó ní àpò tirẹ̀ tí wọ́n fi ń há a sára ìgbànú, ṣùgbọ́n jàgùdà Oṣòdì náà ń wo ìgbànú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Ní Broad Street àti Marina, kò sí báńkì tí ẹ fẹ́ wọ̀ tí irin ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní mú kí ẹ̀rọ wọn ké. Gẹ́ètìmáànù á ní kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ẹ óò sì máa wẹ̀yìn títí ẹ óò fi jáde. Kì í ṣe pé wọn ò lè rí Super Tinker o, ṣùgbọ́n ó ṣeé so mọ́ kọ́kọ́rọ́, kì í sì í dẹ́rù bani. Ní alẹ́, bí ọlọ́pàá bá tú àpò yín, ọ̀bẹ ni yóò pe méjèèjì. Ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, kò sí èyí tí wọ́n máa jẹ́ kí ẹ gbé wọnú ọkọ̀ lọ́wọ́. Inú báàgì tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kó o sí láti ilé, nítorí ohun tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tí ilé gbogbo mọ̀: púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti fáànù tó jó. Súkúrù ńlá ló di ìdérí rẹ̀ mú, ó lè jẹ́ fúláàtì, ó lè jẹ́ sítáà. Nínú lọ́hùn-ún ni àwọn kéékèèké tó di ẹnu wáyà mú wà. Super Tinker á ṣe é láìjanpata. Irin sítáà ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí fúláàtì tó wà lórí ohun ìṣígò, á tú ìdérí; ṣóńṣó ohun ìṣí agolo rẹ̀, tí kò ju mìlímítà 3 lọ, á wọ súkúrù kéékèèké yẹn wẹ́kú; ọ̀bẹ kékeré á bó rọ́bà ara wáyà. Wave+ náà lè ṣe é, àmọ́ inú ni súkúrùdíráfà rẹ̀ wà, ẹ ní láti kọ́kọ́ la apá rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó rí i fà yọ. Nídìí wáyà gan-an ló ti máa gba iyì rẹ̀: púláyà á lọ́ fọ́nrán bàbà pọ̀ kó le dáadáa, á sì gé èyí tó gùn jù dànù. Ẹni tó ń fi eyín ṣe iṣẹ́ yìí mọ ara rẹ̀.

Tó bá wá kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, àléébù Super Tinker á hàn. Àárín ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni irin sítáà rẹ̀ ti ń jáde, ó rí bíi lẹ́tà T. Ọwọ́ á rí ibi dì mú láti yí i dáadáa, ṣùgbọ́n bí súkúrù bá rì sínú ihò, tàbí tó bá sún mọ́ kọ̀rọ̀, ara ọ̀bẹ á máa gbá ògiri kí ẹ tó yí i dé ìdajì. Ti Wave+ tẹ̀lé apá rẹ̀ gbọọrọ, orí rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀, sítáà lápá kan, fúláàtì lápá kejì. Ṣùgbọ́n orí náà kúrú, ó sì rí pẹlẹbẹ, irinṣẹ́ tirẹ̀ ni Leatherman ṣe é fún. Bó bá sọnù, èyí tí wọ́n ń tà ní páálí-páálí ní Alábà kò ní wọ ibẹ̀.

Nípa iná, ẹ gbọ́ o: kò sí èyí tó lè dáàbò bò yín nínú méjèèjì. Irin ni Wave+ látòkè délẹ̀. Ike pupa ara Super Tinker kì í ṣe ti oníná, irin wà lábẹ́ rẹ̀, irin yẹn ló sì kan ọ̀bẹ. Wọn kì í sọ fúnni kí wọ́n tó gbé iná dé ní Èkó. Igbe “Up NEPA!” lẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọdé kí ẹ tó rántí pé ọwọ́ yín wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa mẹ́ìnì kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ibi tí mo ti gbà fún Wave+ láìjiyàn ni abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdí ìsọ̀. Kílíìpù tó di rọ́bà rédíétọ̀ mú kò ṣeé fi ìka tẹ̀. Púláyà á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ kán sínú àgádágodo ní Balógun láàárọ̀ kùtù, oníbàárà ti ń dúró: bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù síta, ẹnu tínínrín Wave+ á fà á yọ wẹ́rẹ́, kò sí ohun tó wà lára Super Tinker tó lè ṣe é. Láti 2018 tí Wave ti di Wave+, ẹnu tó ń gé wáyà ti ṣeé pààrọ̀ bó bá kú tàbí tó bá ṣẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe sípánà o. Ẹni tó bá ń fi púláyà tú nọ́ọ̀tì orí bátìrì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí nọ́ọ̀tì náà á fi di róbótó, mẹkáníìkì ló sì máa jèrè rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ náà kò sí lágbára èyíkéyìí nínú wọn. Sípánà tirẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ọ̀bẹ Wave+ ju ti Super Tinker lọ. Méjì ni, ọ̀kan mú lásán, èkejì léyín bí ayùn, àtàǹpàkò kan ṣoṣo sì tó láti ṣí i bí páálí bá wà lọ́wọ́ kejì. Bí ẹ bá ti ṣí i, ó ti há, kò ní pa dé àfi tí ẹ bá tú u. Sípíríìńgì nìkan ló di ti Super Tinker mú. Bí ẹ bá fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ohun líle tó sì yẹ̀, ó lè pa dé mọ́ yín níka. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣí ẹrù ní Òkè Àrín láti àárọ̀ dalẹ́, òun gan-an ni èyí kàn.

Àlùmọ́gàjí wà lára méjèèjì. Ti Super Tinker ló yá láti fà yọ. Ó tún ní ìtayín àti ẹ̀mú wínníwínní tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún, èyí tí Wave+ kò ní. Ayùn àti fáìlì wà lára Wave+. Ẹni tó nílò wọn ti mọ̀.

Bí ẹ bá ń ra Wave+, ẹ múra láti san tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta owó Super Tinker, dọ́là ló sì ń pinnu iye tó máa jẹ́ ní náírà. Ayédèrú pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà àti ní Computer Village, ẹ má jẹ́ kí ẹnu dídùn tajà fún yín. Irin ojúlówó kì í mì gbàgàgbàgà bí ẹ bá ṣí i. Lára Victorinox, wọ́n gbẹ́ orúkọ sí ìdí ọ̀bẹ ńlá. Bí àgbélébùú ara ike bá jẹ́ ọ̀dà tó ń ṣí bí ẹ ṣe ń fi èékánná ha á, ẹ dá a padà. Leatherman ń ṣe onígbọ̀wọ́ irinṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún 25, Victorinox kò sì fi iye ọdún dí onígbọ̀wọ́ tirẹ̀ bí àbùkù náà bá ti ọwọ́ wọn wá. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ẹni tó máa gbà á padà ní Èkó níbí, nítorí owó tí ẹ óò fi kó o lọ sókè òkun lè sún mọ́ iye tí ẹ rà á.

Irin tí kì í tètè dípẹtà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, àmọ́ ooru, òógùn àti afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun kì í fojú kéré irin kankan. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀, kí ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí oríkèé rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù nídìí Super Tinker. Bí kò bá sí nílẹ̀, ẹni tó ń tà á lè gbé Huntsman fún yín, á ní ìkan náà ni wọ́n. Wọ́n jọra lóòótọ́, Huntsman tilẹ̀ ní ayùn. Ṣùgbọ́n irin yíyí tí wọ́n fi ń fa ìdérí wáìnì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe sítáà. Ẹ ní kó yọ irin ẹ̀yìn náà síta kí ẹ fojú rí i, kí ẹ tó sanwó.