Idì Canton àbí Idì Párìsì: Kí Ẹ Tó Sanwó Àwo Tánganran

Irú àwo tánganran tí wọ́n ya idì Amẹ́ríkà sí pín sí mẹ́ta lọ́jà, iye wọn ò sì sún mọ́ra rárá.

Ojúlówó ni ti Canton, ìlú èbúté ní gúúsù Ṣáínà tí à ń pè ní Guangzhou lónìí. Empress of China, ọkọ̀ òkun Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó lọ ṣòwò ní Ṣáínà, gbéra ní New York ní oṣù Kejì ọdún 1784, ó sì padà dé ní oṣù Karùn-ún 1785. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà ń bẹ iṣẹ́ lọ́wẹ̀ léraléra ní Ṣáínà. Ìlú Jingdezhen ní Ṣáínà ni wọ́n ti ń sun àwo, Canton ni ọ̀pọ̀ ti ń gba àwọ̀. Ẹni tó ń yà á ò rí irú idì yẹn rí. Ara owó ẹyọ tàbí ìwé ló ti ń wò ó, ni ti ẹlòmíràn bá rí bí ológoṣẹ́ tí ebi ń pa. Ẹ má fìyẹn bú u. Èmi a tilẹ̀ máa fura sí idì tó bá dúró ṣánṣán jù.

Ti Párìsì ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ Samson, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe àfarawé. Ẹ fìka ra ojú àwo: ti Canton máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn, ti Párìsì a máa jọ̀lọ̀. Ẹ wá dojú ẹ̀ délẹ̀. Etí ẹsẹ̀ ti Canton kì í dán, iná sì máa ń là á pọ́n díẹ̀. Kì í sábà ní àmì kankan nídìí. Samson ló fẹ́ràn àmì pupa tó jọ òǹtẹ̀ Ṣáínà. Bí ẹ bá rí “China” ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, òfin Amẹ́ríkà ti 1891 tó ní kí wọ́n kọ orúkọ ilẹ̀ tí ọjà ti wá sára rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ayé Ààrẹ Washington.

Ẹ̀kẹta ló ń dunni jù: àwo Ṣáínà àtijọ́ gidi, àmọ́ àná ni wọ́n ya idì sí i. Ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ wo ojú ibi tí ọ̀bẹ ìjẹun ti fá a. Bí ọ̀dà idì bá bo ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti fi jẹun tán kí idì tó bà lé e.

Samson náà kò burú, bí wọ́n bá pè é ní Samson, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ ti Samson. Ṣùgbọ́n ti Canton tó ṣán létí ni mo máa rà ṣáájú rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ “Canton” àti ọdún sí rìsíìtì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́nnu lá, ẹ gbé àwo rẹ̀ padà sórí tábìlì.